Ọmọ Ọlọ Kì í Sùn Nílé Onílé

Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìbẹ̀fun láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sì yà sínú oko kòkó níbi tí igi àràbà àtijọ́ kan dúró sí, yóò kọ́kọ́ gbọ́ abúlé Ìdó-Àràbà kí ó tó rí i. Ohun tí yóò gbọ́ ni ẹ̀rọ ìlọ̀ Gilbert Adébóyè. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀rọ náà a húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, a tún húkọ́, èéfín dúdú a rú gba orí páànù jáde, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó mọ̀: kútú-kútú-kútú. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá gbọ́ ọ a gbé agbọ̀n àgbàdo tàbí igbá láfún karí, wọn a sì máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n mọ̀ pé Ọmọ-ọlọ ti jí.

Ọmọ-ọlọ ni wọ́n ń pe Gilbert. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun orí rẹ̀ sì funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ewú ni tàbí ìyẹ̀fun. Síbẹ̀, orúkọ tí àwọn ìyá abúlé sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Orúkọ yìí gan-an ni ó kó o sí ìyọnu, bí a ó ti rí i níwájú.

Ọlọ ní apá méjì. Èyí tí ó tóbi, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kì í kúrò lójú kan, ni ìyá ọlọ. Èyí tí ó kéré, tí ó ṣe roboto, tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti fi lọ nǹkan, ni ọmọ ọlọ. Ìyá láìsí ọmọ, òkúta lásán ni. Ọmọ láìsí ìyá, ohun tí a lè sọ lu ewúrẹ́ ni.

Mọ́ṣádé, ìyá Gilbert, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni ó ti wá sí ilé ọkọ ní Ìdó-Àràbà. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpótí aṣọ àti àwo tánganran dé. Òun gbé ọlọ dé. Ìyá tí ó bí i ni ó fi ọlọ náà ta á lọ́rẹ, nítorí ó ní aṣọ a máa gbó, àwo a sì máa fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí kò ní í jẹun lọ́la. Ọkùnrin méjì ni ó ru ìyá ọlọ. Mọ́ṣádé tìkára rẹ̀ ni ó gbé ọmọ ọlọ mọ́ àyà bí ẹní gbé ìkókó. Bí ó ti ń wọ agbo ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ẹ gbà mí o! A kò tíì gbé oúnjẹ ìgbéyàwó kalẹ̀, ìyàwó ti gbé ọmọ dé!"

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Èyí kò ní í sunkún lóru."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹnu ìyàwó náà mú bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbàdo wá bá a, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa kúnná ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bí ojú ọlọ bá ti ń dán, yóò mú òkúta líle kan, yóò sì máa fi kan án díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi tún rí gbágungbàgun. "Ọlọ tí kò ní eyín," ni ó máa ń wí, "pípọ́nlá lásán ni ó ń pọ́n àgbàdo lá."

Ó pẹ́ kí ó tó bímọ. Nígbà tí Gilbert sì dé, Mọ́ṣádé kò gbé e kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ ti ọlọ, orí ọmọ náà a máa mì lọ, a máa mì bọ̀, gẹ́gẹ́ bí òkúta tí ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ràmọ́tà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé àwọn méjèèjì fi ògiri ti ara wọn, kì í lè wo èyí kí ó má sọ̀rọ̀. Ìmàle ni Ràmọ́tà, ọkọ rẹ̀ Síkírù sì ń ta pákó.

"Ọmọ méjì ni Mọ́ṣádé ní," ni Ràmọ́tà máa ń wí fún àwọn tí ó bá wá lọ àgbàdo. "Ọ̀kan wà lọ́wọ́, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ń lọ̀ ọ́, èyí tí ó wà lẹ́yìn ń retí àtijẹ ẹ́. Ọmọ ọlọ ni àwọn méjèèjì!"

Báyìí ni orúkọ náà ṣe mọ́ Gilbert lórí.

Theophilus, bàbá Gilbert, káfíńtà ni, ó sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àárín àwọn ọdún tí kòkó fi níyì, ó ta kòkó rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, nígbà tí ó sì padà dé, ẹ̀rọ ńlá kan ni ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé e bọ̀. Gbogbo abúlé ni ó jáde. Theophilus kan àpótí onígi kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó gbé e ka orí ẹ̀rọ kí wọ́n máa da àgbàdo sí i, ó sì gbẹ́ òdòdó sí i lára bí ẹni pé àga bíṣọ́ọ̀bù ni. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn adìyẹ fò sórí òrùlé, àwọn àgbà méjì sì sá wọlé. Ìyẹ̀fun ń jáde ní ìsàlẹ̀, ó gbóná, ó ń rú.

Mọ́ṣádé bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó tu ú dànù.

"Irin ni mo jẹ," ni ó wí.

"Kò tíì mọ́ ọ lẹ́nu ni, Mọ́ṣádé."

"Ẹnu tèmi kọ́ ni kò mọ́, ẹnu ẹ̀rọ yín ni. Ẹ tọ́ ọ wò."

Theophilus tọ́ ọ wò. Lóòótọ́ ni ìyẹ̀fun tí ó kọ́kọ́ jáde ní adùn irin àti ti epo. Ó ronú, ó ní, "Ẹnu tí ó bá sùn mọ́jú, ṣé a kì í fọ̀ ọ́ ni?" Láti ìgbà náà ni ó ti di òfin nínú ìdílé wọn pé kí a tó lọ ohunkóhun fún oníbàárà láàárọ̀, àwo àgbàdo kan láti inú àká tiwọn ni yóò kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ kọjá. Wọ́n ń pe èyí ní fífọ ẹnu ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun tí wọ́n bá fi fọ ẹnu, adìyẹ ni ó ń jẹ ẹ́. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé olówó ni àwọn adìyẹ ilé Adébóyè, ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni ó ń ti Ìbẹ̀fun ru àgbàdo wá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyẹ̀fun ibẹ̀ kì í dùn bí irin.

Bí ọlọ Mọ́ṣádé ṣe di ohun ìgbàgbé nìyẹn. Ìyá ọlọ wà ní ẹ̀yìnkùlé, òjò ń rọ̀ sójú rẹ̀, adìyẹ ń mu omi nínú ihò tí ọwọ́ Mọ́ṣádé ti lọ̀ sí i. Ọmọ ọlọ ńkọ́? Theophilus àti Gilbert kò béèrè.

Nígbà tí Theophilus kú, Gilbert ni ó gba ẹ̀rọ. Ó ti ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ó sì lè di akọ̀wé bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n òórùn ìyẹ̀fun gbígbóná ti wọ̀ ọ́ lára. Ó fẹ́ Matilda, ọmọ olùkọ́ ìjọ kan ní Ìbẹ̀fun. Ìgbà náà dùn. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin a tò láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ títí dé ìdí igi ọsàn, wọn a máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àṣírí abúlé fi ń di ohun tí a ń kígbe. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì, a máa bá obìnrin kan láàárín ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí etí kẹta gbọ́, ẹ̀rín a sì sọ. Ògiri ilé ẹ̀rọ funfun láti òkè délẹ̀. Ara ògiri náà ni Rachel, ọmọ kan ṣoṣo tí Gilbert àti Matilda bí, ti fi ìka kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ṣì í, ìyẹ̀fun tuntun a bò ó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan bí ìyá ọlọ. Kòkó kò níyì mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Èkó, àwọn tí wọ́n sì kù kò fẹ́ gún iṣu gbígbẹ tàbí sá láfún. Gilbert àti Matilda bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn yóò kó ẹ̀rọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn kò sọ fún Mọ́ṣádé, nítorí ó ti darúgbó.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún 1978 ń bẹ̀rẹ̀, Mọ́ṣádé dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì ké ìrora; ó kàn ń dín kù ni, bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Ọkàn rẹ̀ a máa rìn kiri. A béèrè ewúrẹ́ tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, a ní kí wọ́n lọ kó àgbàdo tí òun sá sí Ìmùṣin kí òjò má baà pa á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó la ojú, ó di ọwọ́ Gilbert mú, ó ní:

"Ọmọ ọlọ kì í sùn nílé onílé. Ẹ má jẹ́ kí ó sùn níbẹ̀ o."

"Ta ni, Màámi?"

"Ọmọ ọlọ," ni ó wí, bí ẹni tí ó ń bá òmùgọ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ó máa bọ̀ nílé."

Kò tún sọ ọ̀rọ̀ tí ó yéni mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.

Walter, àbúrò Theophilus, tí ó jẹ́ àgbà ìjọ, ni ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ẹbí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Kí ni ó ṣòro níbẹ̀? Ta ni Ọmọ-ọlọ ní Ìdó-Àràbà? Gilbert, ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìyá rẹ ní kí o má ṣe fi ilé yìí sílẹ̀ lọ sùn níbòmíràn. Àbí o ní èrò ibì kan lọ́kàn ni?"

Gilbert wo Matilda. Kò sọ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde fún ìyá rẹ̀ rí. Ó gbà pé ojú tí ó ń lọ sọ́run ni ìyá òun fi rí ọkàn òun.

Matilda gbìyànjú. "Ṣé pé kí wọ́n má sùn níta ni Màmá wí, Bọ̀ọ̀dá, àbí pé kí wọ́n má gbé ìta?"

"Ẹni tí kò lè sùn níbì kan," ni Walter dáhùn, "báwo ni yóò ṣe gbé ibẹ̀?"

Báyìí ni Gilbert ṣe di ẹni tí kì í sùn níta. Nígbà tí Rachel ṣe ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú Olúṣẹ́gun, tí ó ń ṣe búrẹ́dì, wọn kò tíì gé àkàrà òyìnbó tán nígbà tí bàbá ìyàwó wo oòrùn, tí ó dìde, tí ó sì gbọn aṣọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àna béèrè pé, "Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni bàbá yìí ti gba àyè wá ni?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Gilbert náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà Rachel bímọ, Matilda sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni ó pè é. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Rachel ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kí ọmọ àkọ́kọ́ tó rìn, èkejì ti wà nínú. Matilda a máa wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú búrẹ́dì, a fọ aṣọ ọkọ rẹ̀, a se ọbẹ̀ tí yóò jẹ, a sì padà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, Gilbert ń tẹ ẹ̀bà fúnra rẹ̀. Ó máa ń le. Ó máa ń jókòó sí ẹnu ilé ẹ̀rọ, yóò máa wo ọ̀nà tí ó lọ sí ìdí igi àràbà, bí ẹni pé ọjọ́ Àbámẹ́ta lè dé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, ìjọba fi òfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú, àwọn oníbúrẹ́dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti gbágùúdá kiri láti lú mọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n ní. Olúṣẹ́gun kan páànù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àna rẹ̀. Matilda ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà.

"Bàbá Rachel, àyè ti wà. Ẹ̀rọ ni ó kù kí ó wọ ibẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́! Igi àràbà tí ó wà níta yẹn náà ń gbọ́. Bí ọdún Iléyá bá kọjá tí ẹ kò dé, Olúṣẹ́gun yóò gbé àyè náà fún ẹlẹ́rọ kan láti Òdogbolu. Eékún ń dùn mí. Èmi kò lè máa fi ojú ọ̀nà ṣe ilé ọkọ títí."

"Matilda, ṣé o fẹ́ kí n sọ òkú ìyá mi di òpùrọ́ ni?"

"Èmi kò fẹ́ òpùrọ́, n kò sì fẹ́ olóòótọ́. Ọkọ ni mo fẹ́."

Gilbert dìde. Ó wọ ilé ẹ̀rọ lọ, ó yí i títí ó fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni tí ó gbé àgbàdo wá. Nígbà tí ó fi máa pa á, Matilda ti lọ wọ ọkọ̀.

Iléyá dé nínú oṣù Ògún, nígbà tí àgbàdo tuntun kún ilẹ̀. Matilda kò wá. Ní ọjọ́ kejì ọdún, ọkọ̀ kékeré kan tí ó ru ẹní, àpótí àti ìkòkò yọ láti ìdí igi àràbà, ó sì dúró sí ẹnu ilé tí ó fi ògiri ti ti Gilbert, ilé tí ó ti wà ní títì láti ọjọ́ pípẹ́. Wàhábì, ọmọ Síkírù, ni ó wa ọkọ̀ náà. Obìnrin arúgbó kan tí ó wé ìborí funfun ni ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀.

"Ọmọ-ọlọ! Ṣé ewú ni ó wà lórí rẹ yìí, àbí ìyẹ̀fun?"

Gilbert dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ràmọ́tà ni. Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí igi gbé pọ̀, ni ọkọ rẹ̀ ti kó wọn lọ nígbà tí Gilbert wà lọ́dọ̀ọ́. Síkírù ti kú nísinsìnyí, ìyá sì ti ní òun fẹ́ fi ọjọ́ ogbó òun jókòó sí ibi tí wọ́n ti gbé òun níyàwó.

"Ẹ káàbọ̀, Alájà. Ẹ kú ọdún o."

"A ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Wàhábì, gbé ẹran Ọmọ-ọlọ fún un. Kí o sì gbé ẹrù ìyá rẹ̀ tí mo di sínú ìró yẹn wá. Rọra o, kí o má jù ú sí ara rẹ lẹ́sẹ̀."

Wàhábì gbé ohun kan tí a fi ògbólógbòó ìró dì wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì. Ràmọ́tà tú u. Òkúta dúdú kan ni, ó ṣe roboto, ó dán níbi tí ọwọ́ ti ń mú un.

"Ọmọ ọlọ ìyá rẹ," ni ó wí. "Ata ìkómọ Wàhábì yìí ni mo yá a láti fi lọ̀. Ọlọ tèmi ti là sí méjì. Bí mo ti ń lọ ata lọ́wọ́, ọkọ̀ pákó tí yóò kó wa lọ dé, Síkírù ní ó yá, ó yá, wọ́n di gbogbo ilé pọ̀. Nígbà tí a túra ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ta ni mo rí láàárín ìkòkò? Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n gbádùn! Kò sí ẹni tí ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa tí kò ní í rán sí mi: 'Ẹ bá mi sọ fún Ràmọ́tà pé ọmọ ọlọ kì í sùn nílé onílé!' Èmi náà a ní, bí mo bá ń lọ n óò gbé e dání. Bí mo bá sì ti ń lọ, n óò gbàgbé."

Gilbert ti ń nawọ́ sí òkúta náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà.

"Kí ni ẹ ní ìyá mi wí, Alájà?"

"Ọmọ ọlọ kì í sùn nílé onílé. Àbí kò sọ ọ́ fún yín rí? Òfin àwọn ìyá Ìmùṣin ni. A lè yá ọ lọ́mọ ọlọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, o gbọ́dọ̀ dá a padà, kí ẹni tí ó ni ín má baà jí láàárọ̀ kí ó bá ìyá láìsí ọmọ, kí ebi sì pa ará ilé. Kí ló dé tí o ń wò mí báyìí?"

Gilbert jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn títí dé orí Matilda. Mẹ́kà ni Ràmọ́tà wà nígbà tí Mọ́ṣádé kú. Nígbà tí ó wá kí wọn kú aráfẹ́rakù, kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Bí ó ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín, ó rẹ́rìn-ín títí ìborí rẹ̀ fi yọ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ojú Gilbert, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Nítorí òkúta yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá Walter ní kò sí ìtumọ̀ mìíràn."

"Walter! Ẹni tí kò lọ ata rí láyé rẹ̀, òun ni ó wá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ!"

Nígbà tí Ràmọ́tà ti wọlé lọ sinmi, Gilbert gbé òkúta náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi, ó fọ̀ ọ́. Ó lé àwọn adìyẹ kúrò lójú ìyá ọlọ, ó da omi òjò inú rẹ̀ nù, ó sì gbé ọmọ lé ìyá. Ó ṣe wẹ́kú. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ohùn tí ó ti gbọ́ kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ sì jáde láti inú òkúta náà, rírọra, bí ẹni tí ń mí lójú oorun. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó ti pẹ́ nínú yàrá kan tí ó rò pé wọ́n tì mọ́ òun, tí ó wá rí i pé ilẹ̀kùn náà kò ní kọ́kọ́rọ́ láti ìpilẹ̀. Ó wo òdòdó tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ sára àpótí ẹ̀rọ, ó wo ibi tí ọwọ́ kékeré Rachel ti máa ń kọ̀wé, ó wo ibojì méjèèjì lẹ́yìn ilé. Ó wá yé e pé nígbà tí òun ń sọ pé ìyá òun ni kò gbà, ọkàn tòun náà ni kò fẹ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ òkú ti gbà á lọ́wọ́ ìpinnu. Nísinsìnyí, kò sí ẹni tí yóò fi ṣe àwáwí mọ́. Bí ó bá jókòó, òun ni ó jókòó. Bí Matilda bá sì ń jẹun láìsí ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun ni ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fọ ẹnu ẹ̀rọ bí ìṣe rẹ̀, ó da ìyẹ̀fun fún adìyẹ, ó sì lọ àgbàdo fún àwọn obìnrin tí wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ràmọ́tà.

"Alájà, ẹ bá mi bẹ Wàhábì. Mo fẹ́ gbé ọlọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde."

Ràmọ́tà wo ilé ẹ̀rọ. "Ọlọ nìkan?"

"Ọlọ ni yóò ṣíwájú. Ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé e."

Ẹ̀yìnkùlé ni Matilda wà, tí ó ń jọ ìyẹ̀fun, nígbà tí ọkọ̀ Wàhábì dúró. Ó rí ọkọ rẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti òkúta kan tí ó gbé mọ́ àyà bí ìkókó. Kò dìde.

"Iléyá ti kọjá, Bàbá Rachel."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹlẹ́rọ Òdogbolu ti gba àyè?"

"Ó wá lánàá." Ó gbọn asẹ́ rẹ̀. "Mo ní fún un pé ẹni tí ó ni ibẹ̀ wà lọ́nà. Irọ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo pa á. Kí ni ẹ gbé dání yẹn?"

"Ìyá mi ni ó ní kí ọmọ ọlọ máa bọ̀ nílé," ni Gilbert wí, ó sì sọ ìtàn náà fún un ní ìdúró, nítorí kò sí ẹni tí ó fi àga lọ̀ ọ́. Matilda gbọ́ ọ tán. Ẹ̀rín ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni ó parí sí, ó sì fi ìyẹ̀fun kun gbogbo ojú bí ó ti ń fi ọwọ́ nù ún. Nígbà tí ó ṣe, ó dìde, ó gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wúwo," ni ó wí.

"Ó wúwo púpọ̀, Matilda."

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti kó ẹ̀rọ lọ tòun ti àpótí olódòdó rẹ̀. Ní Ìdó-Àràbà, wọ́n ní àwọn ìyá arúgbó ṣì máa ń gbé orí sókè láàárọ̀ bí oòrùn bá ti ń yọ, wọn a tẹ́tí díẹ̀, wọn a tún padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn oníbàárà tuntun kò dẹ́kun bíbéèrè ìdí tí bàbá ẹlẹ́rọ fi ń kọ́kọ́ lọ àgbàdo tirẹ̀ fún adìyẹ. Ọlọ Mọ́ṣádé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá àti ọmọ. A kì í fi yá ẹnikẹ́ni.

Nígbà mìíràn, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gilbert a máa wọ ọkọ̀ lọ wo ilé. A gbá àyíká ibojì, a jókòó ti Ràmọ́tà, wọn a máa rántí àwọn ọjọ́ tí obìnrin tò dé ìdí igi ọsàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a sinmi lórí ọwọ́, ara rẹ̀ a sì fẹ́ sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí yóò fi rántí ohun tí Matilda máa ń sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ó bá ti ń lọ:

"Bàbá Rachel, ẹ má gbàgbé o. Ọmọ ọlọ kì í sùn nílé onílé."

Gilbert a sì wo oòrùn, a dìde, a gbọn aṣọ rẹ̀.